Orin Tó Gbé Fíìmù Pọ̀n

Orin tí a fi ṣíde ètò yìí, Isaac Hayes ló kọ ọ́ fún fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Shaft ní ọdún 1971. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń mi orí sí i kí n tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ níbì kan rí: nínú ìpolówó ọjà, nínú eré apanilẹ́rìn-ín, tàbí lábẹ́ ohùn ọmọ kan tó ń ráàpù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí ẹni tó ti wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nawọ́ sókè, ọwọ́ tí a máa rí kò ní pọ̀.

Bó ṣe rí fún Shaft náà ló rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù aláwọ̀ dúdú tó jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí nǹkan bí 1976. Àwòrán wọn ti ń ṣá. Orin wọn kò ṣá. Èrò tèmi ni pé àwọn olórin tó kọ orin sí àwọn fíìmù yẹn mọ ohun tí ìtàn náà ń sọ, nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹni tó gbé kámẹ́rà dání lọ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí owó gbà wọlé, torí owó ló ṣílẹ̀kùn. Títí di ìparí àwọn ọdún 1960, ipa tí Hollywood máa ń fún aláwọ̀ dúdú kò sábà ju ti ìránṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ àti awakọ̀ lọ. Sidney Poitier yọrí lóòótọ́, ó gba ẹ̀bùn Oscar ní 1964, ṣùgbọ́n irú èèyàn tí wọ́n máa ń ní kó ṣe máa ń níwà tútù jù, àfi bí ẹni pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ bínú. Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n gba èrò mọ́ sinimá lọ́wọ́, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ńláńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè. Àwọn aláwọ̀ funfun ń kó kúrò láàárín ìlú lọ sí ẹ̀yìn odi, wọ́n fi àwọn gbọ̀ngán sinimá ràgàjì sílẹ̀ sẹ́yìn ní Detroit, ní Chicago, ní New York. Ta ló kù láàárín ìlú? Aláwọ̀ dúdú ni. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lápò rẹ̀, kò rí fíìmù tó jọ ọ́ wò.

Melvin Van Peebles ló fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n kedere. Ní 1971 ó gbé Sweet Sweetback's Baadasssss Song jáde. Òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun ló gé e tó sì tò ó, òun náà ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Gbogbo owó tó ná kò ju nǹkan bí 150,000 dọ́là lọ, ó sì yá 50,000 nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Bill Cosby. Wọ́n lẹ òǹtẹ̀ X mọ́ fíìmù náà lára, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọdé kò gbọdọ̀ wọlé wò ó. Kàkà kí Van Peebles máa sunkún, ńṣe ló sọ òǹtẹ̀ náà di ìpolówó: ó ń kéde fáyé pé kìkì aláwọ̀ funfun ló jókòó dájọ́ òun. Gbọ̀ngán méjì péré ló gba fíìmù náà nígbà àkọ́kọ́, ọ̀kan ní Detroit, ọ̀kan ní Atlanta. Èrò tò yí ilé po. Owó tó pa wọlé lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi orin dá ló kàn wá. Kò lówó ìpolówó. Ó bá kó orin inú fíìmù náà sínú àwo, iléeṣẹ́ Stax ní Memphis bá a tà á, kí àwọn tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ lè máa fi orin polówó fíìmù fún un láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tó lu orin náà ni ẹgbẹ́ kan tí ayé kò tíì mọ̀ nígbà yẹn, Earth, Wind & Fire. Ọgbọ́n yìí ni gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e mú lò. Ní ti fíìmù náà fúnra rẹ̀, kò rọrùn wò, mi ò sì ní tàn yín. Huey Newton tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ Black Panther gbé e gẹ̀gẹ̀, àwọn mìíràn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ wò ó, wọ́n ní ìtìjú ni.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni Shaft dé. Gordon Parks ló darí rẹ̀ fún iléeṣẹ́ MGM. Ayàwòrán ni Parks tẹ́lẹ̀, ìwé ìròyìn Life ló ti ń ya fọ́tò fún, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí fíìmù fún iléeṣẹ́ ńlá ní Hollywood, ìyẹn The Learning Tree ní 1969. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bí Shaft ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà wà lókè, ó ń wo Times Square ní New York nísàlẹ̀: mọ́tò, èrò, pátákó sinimá lóríṣiríṣi. Ariwo ìlú nìkan là ń gbọ́. Ọkùnrin kan yọ láti inú àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, ó wọ kóòtù aláwọ gígùn kan. Richard Roundtree nìyẹn, òun ló ṣe Shaft, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Bó ṣe yọ ni Willie Hall, onílù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ta àwo idẹ méjì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù òyìnbó: tí-sí-tí-sí-tí-sí, kò sinmi, kò sáré. Gìtá Charles Pitts, tí wọ́n ń pè ní Skip, wá wọlé tẹ̀ lé e. Pẹ́dàlì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Pitts, wah-wah ni wọ́n ń pè é. Tí onígìtá bá tẹ iwájú rẹ̀, ohùn gìtá á mú; tó bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn náà á rẹlẹ̀, á sì ki. Tó bá wá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, gìtá náà á dà bí ẹnu tó ń là tó ń pa dé. Ohùn kan ṣoṣo ni Pitts ń tẹ̀ lórí okùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó kù.

Kò tíì sí ẹni tó kọrin o. Nínú àwo náà, ó lé ní ìṣẹ́jú méjì kí Hayes tó la ẹnu. Fèrè wọlé, dùùrù wọlé, àwọn oní-fáólììnì wọlé. Shaft ṣì ń rìn, ó ń gba àárín mọ́tò kọjá, ó ń bú awakọ̀ tó fẹ́ gbá a. Nígbà tí Hayes fi máa sọ̀rọ̀, a ti mọ irú ọkùnrin tí à ń wò: kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò kánjú fún ẹnikẹ́ni. Ká sọ tòótọ́, kò sí ohun tí ìyókù fíìmù náà fi kún èyí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lásán ni, wọ́n jí ọmọ ọ̀daràn ńlá kan gbé, Shaft lọ gbà á. Ẹ ti rí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn yẹn àti orin yẹn, ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ rí kó tó dé.

Ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n bí Isaac Hayes sí ní 1942. Àwọn òbí àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ó sì já òwú lóko nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní Stax, òun àti David Porter ló kọ ọ̀pọ̀ orin tó sọ Sam & Dave di olókìkí. Ní oṣù kẹrin 1972, ó gba ẹ̀bùn Oscar fún orin tó dára jù lọ nínú fíìmù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ti orin. Ìyá àgbà rẹ̀ ló mú lọ síbi ayẹyẹ náà.

Ẹ wá gbọ́ apá tó dùn mí. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Stax ṣe àríyá orin ńlá kan ní pápá ìṣeré Coliseum ní Los Angeles. Dọ́là 1 péré ni owó ìwọlé, èrò sì lé ní 100,000. Hayes ló kọrin kẹ́yìn, ó fi ṣéènì wúrà bora dípò aṣọ. Wọ́n ya gbogbo rẹ̀ sí fíìmù, wọ́n pè é ní Wattstax. Ṣùgbọ́n MGM yọ àdéhùn síta: orin Shaft kò gbọdọ̀ sí nínú fíìmù ẹlòmíràn títí ọdún mélòó kan fi máa kọjá. Wọ́n gé e kúrò. Hayes ní láti lọ ya orin mìíràn láti fi dí ojú ihò náà. Ọkùnrin tó ni orin, kò lè kọ ọ́ nínú fíìmù iléeṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1975 Stax wọlẹ̀. Ní 1976 ilé ẹjọ́ kéde pé Hayes ti wọ gbèsè tí kò lè san, ó sì pàdánù ẹ̀tọ́ sí owó tí àwọn orin rẹ̀ máa mú wá lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Tí mo bá ní láti mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn, Super Fly ni màá mú, ti ọdún 1972. Gordon Parks Kékeré, ọmọ ẹni tó ṣe Shaft, ló darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ní Harlem ni, Priest, tó ń ta kokéènì, tó fẹ́ ṣe òwò ńlá kan ṣoṣo sí i kó sì jáwọ́. Aṣọ rẹ̀ dára, irun rẹ̀ ń dán, mọ́tò rẹ̀ ń tàn yòò. Curtis Mayfield, ọmọ Chicago tó ti wà nínú ẹgbẹ́ The Impressions, ni wọ́n fún ní iṣẹ́ orin. Mayfield sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé nígbà tí òun rí ohun tí wọ́n yà, lójú òun ó jọ ìpolówó kokéènì.

Kí ló wá ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí onílù ṣe ń ṣe lóde ìnáwó, á tètè yé yín. Onílù lè máa ki olówó, kí olówó máa jó, kó máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú, kí ìlù sì ti fi ẹnu bá a wí lójú gbogbo ayé, tó jẹ́ pé àwọn tó gbédè ìlù nìkan ló ń wo ara wọn lójú. Ohun tí Mayfield ṣe nìyẹn. Ìlù rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ tinrín bíi ti obìnrin, ara á máa ṣe èèyàn bíi kó jó. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Freddie, ọmọ ẹ̀yìn Priest kan tí fíìmù náà kàn gbá kọjá, tí mọ́tò pa, Mayfield kọ odindi orin ìdárò fún un. Nínú fíìmù, ìlù orin yẹn nìkan la gbọ́, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nínú àwo ni ọ̀rọ̀ wà. Nítorí pé wọn kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú fíìmù ni kò ṣe lè díje fún Oscar. Àwo náà borí gbogbo àwo ní Amẹ́ríkà ní ìparí 1972, owó tó mú wọlé sì ju ti fíìmù lọ.

Ẹni tó bá wo fíìmù nìkan lè jáde kó ní òun fẹ́ dà bíi Priest. Àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ṣíbí kokéènì tó fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn kọ́ ọrùn tiwọn náà. Ẹni tó bá gbọ́ àwo náà tán kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí mú wa dé orí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀. Ní 1972, Junius Griffin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ní Hollywood pariwo pé ńṣe ni wọ́n ń fi àwọn fíìmù wọ̀nyí kó aláwọ̀ dúdú nífà, òun ló sì dá orúkọ blaxploitation tí ayé ń pè wọ́n títí dòní. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù yẹn, aláwọ̀ funfun ló kọ ìtàn, òun ló darí, òun ló kó èrè. Aláwọ̀ dúdú ló sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn òṣèré dá a lóhùn pé ìgbà wo ni àwọn ti ríṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí? Àwọn náà kò parọ́. Èmi kò rò pé ó yẹ ká dá ẹjọ́ náà fún ẹnì kan. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ìyẹn ń lọ, àwọn olórin ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn jà lé lórí, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa.

Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Pam Grier ṣe nọ́ọ̀sì tó gbé ìbọn dìde sí àwọn tó ń ta oògùn olóró nínú Coffy ní 1973. Roy Ayers ló kọ orin rẹ̀, ẹni tí ohun èlò rẹ̀ jẹ́ vibraphone, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò tí wọ́n ń fi igi lù. Ayers yìí kan náà wá sí Nàìjíríà ní 1979, òun àti Fela jọ rìn kiri ìlú, wọ́n sì jọ gbé àwo kan jáde ní 1980, Music of Many Colours. Fela ti mọ orísun irú ìbínú tó bí àwọn fíìmù yẹn, torí Los Angeles ló wà ní 1969 nígbà tí obìnrin kan, Sandra Smith, fi ìwé àti ọ̀rọ̀ àwọn Black Panther hàn án.

Fela nìkan kọ́ ló so àwọn fíìmù yẹn mọ́ Nàìjíríà. Kí Shaft àti Sweetback tó dé, Ossie Davis ti kọ́kọ́ darí Cotton Comes to Harlem ní 1970, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Sáà yẹn kan náà ló wá sí Nàìjíríà wá darí Kongi's Harvest, eré Wọlé Ṣóyínká, tí Francis Oladele gbé jáde. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi. Davis tún padà wá ṣe Countdown at Kusini, tó jáde ní 1976. Ladi Ladebo, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, Delta Sigma Theta, ló kó owó sílẹ̀, Manu Dibango ará Kamẹrúùnù sì kọ orin rẹ̀. Kò pa owó. Ó ṣì yẹ kí àwọn oní-Nollywood wá a wò, kí wọ́n rí i pé àjọṣe Èkó àti Hollywood kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí 1976, ọjà náà tú. Hollywood ti rí i pé fíìmù kan bíi Jaws lè kó funfun àti dúdú wọlé pọ̀, kò sì rídìí tó fi ní láti ná owó sórí aláwọ̀ dúdú nìkan mọ́. Àwọn gbọ̀ngán àárín ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tì.

Orin ló wá jí dìde. Nígbà tí àwọn ọmọ Bronx dá híp-hóp sílẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn òbí wọn ni irinṣẹ́ wọn. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ ti dé tó lè gé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, kó sì máa yí i ní àyítúnyí, kí wọ́n wá máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kí ni wọ́n máa gé bí kò ṣe orin tó ní ìlù gbọọrọ, tí ohùn èèyàn kò dí i? Orin fíìmù nìyẹn, torí wọ́n kọ ọ́ kí òṣèré lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ice-T mú orin Mayfield nínú Super Fly ní 1988. Ní 1991, Geto Boys ti Houston mú gìtá kan nínú orin tí Isaac Hayes kọ fún Three Tough Guys, fíìmù 1974 tí kò sẹ́ni tó ń rántí mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀kan nínú orin ráàpù tí wọ́n ń yìn jù lọ láyé. James Brown kọ The Payback fún fíìmù kan, àwọn oní-fíìmù náà kọ̀ ọ́. Ó gbé e jáde fúnra rẹ̀ ní 1973. Ní 1992 En Vogue fi gìtá rẹ̀ ṣe orin, ní 2015 Kendrick Lamar tún yà á lò. Mi ò mọ iye èèyàn tó ń béèrè orúkọ fíìmù tí wọ́n kọ orin yẹn fún mọ́.

Ẹ rántí Hayes tó pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1976. Ní gbogbo àkókò tí àwọn ọmọ yìí fi ń gé orin tó kọ ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà. Ó kú ní 2008. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọrin ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti fi Shaft, Sweetback àti Super Fly sínú àkójọ fíìmù tí wọ́n ń tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀ ní Library of Congress, Shaft ní 2000, Sweetback ní 2020, Super Fly ní 2022. Quentin Tarantino gbé Pam Grier padà wá ní 1997 nínú Jackie Brown, orin Bobby Womack tí wọ́n kọ fún fíìmù Across 110th Street ní 1972 ló sì fi ṣí i. Orin yẹn ni ọ̀pọ̀ fi mọ Womack lónìí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwo Super Fly ni kó kọ́kọ́ gbọ́, tọ̀tún-tòsì, kó tó wo fíìmù rẹ̀. Ẹ wo Shaft lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má ṣe wo Sweetback níwájú ọmọdé rárá. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wọ ṣòkòtò bóńgò àti bàtà gàràntì láyé ìgbà náà, tí rẹ́kọ́ọ̀dù yín ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó wọn jáde kí ooru àti ikán má bàa jẹ wọ́n, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, a óò sọ̀rọ̀ lórí Manu Dibango.